Ohùn Àjíbíkẹ́ Nínú Ìpolówó Ilé

"Àjíbíkẹ́! O fẹ́ ta ilé mọ́ mi lórí! Mo ṣì wà láàyè, o ti ń wá ẹni tó máa rà á!"

Àjíbíkẹ́ kúnlẹ̀ sáàárín àgbàlá. Ọdún mẹ́rìndínlógún rèé tó ti wà nílé Alhaji Sùlèímọ́nù ní Mówè, kò rí i kí ojú ọkọ rẹ̀ pọ́n báyìí rí. Àlejò kẹta ti dé láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo láti wá wo ilé tí wọ́n ní ó wà fún títà. Obìnrin kan láti Ìbafò, Stella, ló dúró lẹ́nu géètì, fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Inú fóònù náà ni ìpolówó ilé ọ̀hún àti àwòrán rẹ̀ wà, ohùn Àjíbíkẹ́ ló sì ń sọ èdè Faransé nínú rẹ̀!

"Alhaji, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀!"

"Ohùn ta wá ni? Ohùn ìyá mi?"

"Ohùn mi ni, ṣùgbọ́n..."

"Ó ti jẹ́wọ́!" Fàúsátù, ìyàwó kékeré, pàtẹ́wọ́. "Mo wí fún yín, Alhaji! Ẹni tó ń fi imú sọ̀rọ̀ níwájú dígí láràárọ̀, ẹ ní ó ń kọ́ èdè. Èdè tí wọ́n fi ń ta ilé ọkọ ni!"

Ẹ wo ìkà ènìyàn! Abọ́ kan náà ni òun àti ìyáálé rẹ̀ ti jọ jẹun lánàá!

"Kó ẹrù rẹ," ni Alhaji wí. "Fadilah ò ní bá ẹ lọ."

Ọmọ kan ṣoṣo tí Àjíbíkẹ́ bí! Bàbá tó bí òun fúnra rẹ̀ ti kú ní Ìfọ̀, wọ́n ti pín ilé. Ibo ni yóò gbà?

"Ìrẹsì Ọ̀fàdà tí mò ń tà ni mò ń polówó níbẹ̀!" ló kígbe. "Èmi àti Fàúsátù la jọ ń fi ṣeré. Ó ní tí mo bá fi èdè àwọn ará Kútọnu pè wọ́n, wọ́n á rà á. Òun ló gba ohùn mi sílẹ̀!"

"Irọ́! Kí ẹnu yẹn wọ́!" ni Fàúsátù pariwo.

Stella tún fetí sí fóònù. "Bàbá, ẹ má bínú. Àwòrán ilé nìkan ni mo wò kí n tó wá. Mo gbé Kútọnu fún ọdún márùn-ún. Obìnrin yìí ò dárúkọ ilé rárá. Ó ní ìrẹsì òun ò ní òkúta."

"Kí ló wá kàn mí níbẹ̀?" Fàúsátù fò sókè. "Òun fúnra rẹ̀ ló ṣèèṣì fi í síbẹ̀!"

"Gbé àwòrán yẹn wá," ni Alhaji wí fún Stella.

Ó wò ó, ó tún un wò. Nítorí àwọn gbájú-ẹ̀ tó ń ta ilé onílé, gbogbo ará Mówè ló ń kọ ọ́ sára ògiri pé ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ti Alhaji, ọ̀dà pupa ni, ó tóbi gbàǹgbà. Ẹni tó ya àwòrán náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn á lé oníbàárà, ló bá ta aṣọ bò ó. Aṣọ àrán aláwọ̀ ewé! Alhaji fọwọ́ ara rẹ̀ rà á fún Fàúsátù lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì. Inú àpótí ló ń gbé, ọrùn Fàúsátù ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà.

"Fàúsátù, ṣí àpótí rẹ."

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ṣí i!"

Ihò ìṣó méjì ló wà létí aṣọ náà. Fàúsátù wó lulẹ̀.

"Iṣẹ́ èṣù ni! Mi ò fẹ́ ta ilé, mo kàn fẹ́ kí ẹ lé e jáde ni!"

"Ìwọ ni wàá jáde."

Ẹni da eérú leérú ń tọ̀! Àpótí rẹ̀ kan náà ló rù dé ojú títì, kò sẹ́ni tó bá a gbé e.

Alhaji yíjú sí ìyáálé. "Ìyá Fadilah, dìde. Má bínú."

Àjíbíkẹ́ ò dìde. "Alhaji, ẹ ò bi mí léèrè kẹ́ ẹ tó gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rù yín ń bà mí báyìí."

Níwájú àlejò, Alhaji ṣí fìlà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀. Àjíbíkẹ́ wò ó pẹ́ títí kó tó na ọwọ́ sí i.