Agogo Tí Èmi Kò Gbọ́

Mi ò bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Àwọn tó ṣojú wọn ṣì wà káàkiri Ìbàdàn. Bí mo bá pàdé ẹnìkan nínú wọn ní Dùgbẹ̀, a ó béèrè àlàáfíà ilé, a ó sì kọjá. A kì í dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láàárín ara wa.

Ọmọ́bọ́láńlé ni orúkọ mi. Ní ọdún 1982, èmi àti Àrìnpé, ọmọ àbúrò ìyá mi, wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kan tí kò jìnnà sí Ṣàngó. Ilé wọn ní Onírèké ni mo gbé dàgbà. Ẹní kan náà la jọ ń sùn lé láti kékeré. Mo jù ú lọ díẹ̀, Àǹtí Bọ́lá ló sì ń pè mí. Bí inú bá ń bí i nìkan ló máa ń pe orúkọ mi gan-an.

Yàrá kan náà ni wọ́n fún wa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Fèrèsé wa kọjú sí pápá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, sítóòfù gbiná ní yàrá kan nísàlẹ̀. Kò pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n èéfín dí gbogbo àtẹ̀gùn, àwọn ọmọbìnrin kan sì ń bẹ́ láti ojú fèrèsé. Ẹ̀rù ba ọ̀gá àgbà. Ó lọ bẹ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ panápaná, Bàbá Gbádérọ̀, pé kí wọ́n wá kọ́ wa bí a ó ṣe máa gba ara wa là.

Bàbá kì í pariwo. Wọ́n so rìmù ọkọ̀ àjàgbé kan mọ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, wọ́n fi ọ̀pá irin sí ìdí rẹ̀. Agogo wa nìyẹn. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń fi aṣọ tútù bo imú, bí a ṣe ń rákò lábẹ́ èéfín, bí a ṣe ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀kùn ká tó ṣí i. Wọ́n kó garawa yanrìn sí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bí agogo bá ti dún, ẹ jáde," ni Bàbá máa ń wí. "Ẹ má wá bàtà. Ẹ má gbé àpótí. Abẹ́ igi máńgòrò ni kí ẹ dúró sí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ padà wọlé títí agogo á fi dákẹ́, tí n ó sì tún lù ú lẹ́ẹ̀mẹta."

Àrìnpé nawọ́ sókè. "Bí èèyàn mi bá ṣì wà nínú ilé ńkọ́, sà?"

"Dúró níta kí o pè é."

"Bí kò bá jáde?"

Bàbá wò ó. "Máa pè é."

A ń dán an wò lóòrèkóòrè títí ó fi mọ́ wa lára. Ká tó mọ̀, ẹsẹ̀ wa ti ń sáré kí orí wa tó gbọ́.

Ọ̀sán Sátidé kan ni. Ọyẹ́ ti dé. Oòrùn ràn, ṣùgbọ́n kò mú. Mo ń di irun Àrìnpé lẹ́bàá fèrèsé, ó jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ mi. Mo ti dì í dé ìdajì. Ẹnìkan ń fọ aṣọ nísàlẹ̀. Rédíò kan ń sọ̀rọ̀ ní yàrá kejì.

Ó gbé orí sókè lójijì. Irun já mọ́ mi lọ́wọ́.

"Agogo," ló wí.

"Agogo wo?"

"Àǹtí Bọ́lá, agogo ń dún."

Mo tẹ́tí. Aṣọ tí wọ́n ń fọ̀. Rédíò. Mi ò gbọ́ ohun mìíràn.

"Kò sí agogo kankan. Jókòó jẹ́jẹ́."

Ó ti dìde. Ojú rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó gbá mi lọ́wọ́ mú, ó fà mí. "Ẹ dìde ká lọ! Ẹ dìde!"

Mo rò pé eré ló ń ṣe. Ó tún fà mí. Lẹ́yìn náà ó fi mí sílẹ̀, ó sì sá jáde láìwọ bàtà.

Mo yọjú lójú fèrèsé. Rìmù náà rọ̀ síbẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nídìí rẹ̀. Kò mì.

Ṣùgbọ́n àwọn kan ń sáré gba pápá kọjá. Ẹni tó ń fọ aṣọ, Mojí ni, ọṣẹ ṣì ń ho lápá rẹ̀. Òmíràn kò tíì wọ bùláòsì rẹ̀ tán. Pẹ̀lú Àrìnpé, àwọn mẹ́fà ni wọ́n lọ tò sábẹ́ igi máńgòrò, gẹ́gẹ́ bí a ṣe kọ́ wa. Wọ́n kọjú sí ilé. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Mátírọ̀nù wa, Màmá Adégbìtẹ́, jáde láti ilé tiwọn lẹ́yìn ilé ìdáná.

"Ta ló ní kí ẹ jáde?"

"Agogo ni, mà," ni Mojí wí.

"Ta ló lù ú?"

Àwọn ọmọbìnrin náà wo ara wọn. "Ó ṣì ń dún, mà."

Ilé tú síta. Gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀ láti lọ wòran. Àwọn kan ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo lọ bá Àrìnpé, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà tutù.

"Mo ti jáde. Ó tó báyìí. Jẹ́ ká padà lọ parí irun rẹ."

Kò wò mí. Ojú rẹ̀ gba orí èjìká mi kọjá, ó lọ sókè. Ó fi ọwọ́ kejì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó sì kígbe.

"Àǹtí Bọ́lá! Ẹ jáde!"

Mo yíjú padà. Fèrèsé wa ṣí sílẹ̀. Mo rí àpótí tí mo jókòó lé. Kò sí ènìyàn níbẹ̀.

"Àrìnpé, ibi yìí ni mo wà."

"Ọmọ́bọ́láńlé! Kí lò ń wò? Sọ̀ kalẹ̀!"

Màmá Adégbìtẹ́ sún mọ́ ọn. "Ta lò ń pè?"

"Àǹtí mi ni, mà. Ó dúró lójú fèrèsé. Kò fẹ́ jáde."

Màmá wò mí. Wọ́n wo fèrèsé. Wọ́n tún wò mí. "Òun nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ."

"Níbo, mà?"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà tó ń béèrè.

Ẹ̀rín bá dákẹ́ ní pápá. Sẹ̀kínátù, tó ń bá Mojí gbé yàrá kan, lọ dúró níwájú rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ lu àyà ara rẹ̀, "Èmi rè é, Mojí, èmi rè é." Mojí ń wo òkè, ó ń sunkún, ó ń ké pe Sẹ̀kínátù. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rí Màmá. Wọ́n rí àwọn alásè. Wọ́n rí ọlọ́dẹ tó sáré ti ẹnu géètì wá. Àwa tí a wà nínú ilé nígbà tí wọ́n gbọ́ agogo, àwa nìkan ni wọn ò rí.

Àrìnpé já ọwọ́ gbà, ó fẹ́ sáré wọ inú ilé. Àwọn márùn-ún yòókù dì í mú. "Bàbá ní ká má padà! Ó ṣì ń dún!" Ó bá wọn jà. Ó ṣubú. Láti ilẹ̀ níbẹ̀, ó ṣì ń pè mí.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Bàbá Gbádérọ̀. Wọ́n sáré dé, wọn ò tilẹ̀ dé fìlà. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé rìmù náà.

"Kò gbọ̀n," ni wọ́n wí. Wọ́n bi àwọn ọmọbìnrin náà pé, "Ẹ ṣì ń gbọ́ ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kó dákẹ́."

Bàbá mú ọ̀pá irin, wọ́n lù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Ìró rẹ̀ gba gbogbo ọgbà. Ẹyẹ fò lórí òrùlé. Àwa bo etí. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò mira.

"Ẹ lù ú, sà," ni Àrìnpé ń bẹ̀bẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ ò lù ú?"

Bàbá tún lù ú. Wọ́n lù ú títí àtẹ́lẹwọ́ wọn fi bó. Wọ́n já a lulẹ̀, wọ́n ní kí ọlọ́dẹ da yanrìn bò ó, kí ó fi àpò sìmẹ́ǹtì bò ó. Ọlọ́dẹ ṣe é.

"Ó tún ń le sí i, sà," ni Mojí wí.

Kò sí ohun tí a kò ṣe. A fi omi bọ́ ojú wọn. A gbìyànjú láti mú wọn lọ sí ẹnu géètì, wọn ò gbà. Ẹni tó gbàdúrà gbàdúrà. Nígbà tó yá, àwa náà kàn jókòó sílẹ̀ yí wọn ká lórí koríko gbígbẹ, à ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè wá.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí gbogbo wọn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnu Àrìnpé ṣì là sílẹ̀. Mo ṣì ń gbọ́ rédíò tí wọ́n gbàgbé lókè.

Ojú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ láti orí òrùlé, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kan ilẹ̀, bí ojú ẹni tó ń wo ohun tó ń wó.

"Ó ti dákẹ́," ni Àrìnpé wí.

Wọ́n bá ká ọwọ́ lérí. Irú ẹkún bẹ́ẹ̀, mi ò tíì gbọ́ ọ rí. Mo gbá Àrìnpé mọ́ra. Orí rẹ̀ wà láyà mi, ó ń ké pe orúkọ mi. Ilé náà dúró lẹ́yìn mi, aṣọ wà lórí okùn, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Kò sí èéfín. Kò sí òórùn iná.

Ìyá Àrìnpé wá lọ́jọ́ kejì. Wọ́n mú ọwọ́ mi àti ọwọ́ rẹ̀, wọ́n fi lé ara wọn.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ rè é, Àrìnpé. Ẹran ara ni. Fọwọ́ kàn án."

"Màámi, ẹ má ṣe mí báyìí," ló dáhùn. "Mo pè é títí. Kò jáde ni."

Wọ́n gbé àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà yẹ ojú wọn, ó yẹ etí wọn, kò rí nǹkan kan. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sọ̀rọ̀ tó gún. Wọ́n gbé Àrìnpé lọ sí ìjọ Aládùúrà tí ìyá rẹ̀ ń lọ, wọ́n gbàdúrà lé e lórí. Èmi náà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a ṣe àmín tán, ó bẹ àwọn àgbà ìjọ pé kí wọ́n rántí mi nínú àdúrà àwọn tó ti sùn.

Nílé, bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni Àrìnpé ti máa ń dúpẹ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ ló máa ń dáhùn, Àrìnpé á sì bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan Bàbá Gbádérọ̀ wá kí wa. Wọ́n jókòó pẹ́. "Èmi ni mo ní kó máa pè é," ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jáde lẹ́nu wọn. Wọn ò wá mọ́.

Mo parí ẹ̀kọ́ mi. Mo rí iṣẹ́ olùkọ́ lọ́nà Ring Road. Họ́sítẹ́ẹ̀lì yẹn ṣì dúró dòní, wọ́n ti kùn ún lọ́dà tuntun. Kò jóná rí.

Àrìnpé fẹ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Akínbíyì, wọ́n sì ń gbé ní Challenge. Ènìyàn dáadáa ni. Ìyá Àrìnpé sọ gbogbo rẹ̀ fún un kó tó fẹ́ ẹ. Bí mo bá yà síbẹ̀, Akínbíyì á dọ̀bálẹ̀ kí mi, á gbé àga fún mi sí pálọ̀, á sì fi mí sílẹ̀ kí n máa wo àbúrò mi bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ ilé rẹ̀. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Àdùnní.

Àdùnní rí mi. Láti ìgbà tó ti ń rá ló ti ń rá tọ̀ mí wá. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, mo kọ́ ọ ní orúkọ mi. Ìrètí dé sí mi nínú. Mo rò pé a ti rí ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kan, ó wà lórí itan mi, Àrìnpé ń ká aṣọ.

"Màámi, Àǹtí Bọ́lá ní ẹ kú ilé."

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Àrìnpé. "Ta ló kọ́ ọ ní orúkọ yẹn?"

"Òun ni. Ó wà níbí."

Àrìnpé wá kúnlẹ̀ níwájú àga. Ojú rẹ̀ súnmọ́ tèmi tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. "Àǹtí Bọ́lá?"

"Èmi nìyí," mo wí.

Ó yíjú sí ọmọ. "Kí ló wí?"

"Ó ní òun nìyí."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Bi í bóyá iná náà ta á lára púpọ̀."

"Kò sí iná," mo wí. "Àrìnpé, kò sí iná kankan. Mi ò kú."

"Ó ní kò sí iná," ni ọmọ náà wí. "Ó ní òun ò kú."

Àrìnpé já Àdùnní gbà kúrò lórí itan mi, ó fi ọwọ́ bò ó lójú. "Rárá o! Ọmọ tèmi ò ní máa bá òkú sọ̀rọ̀!" Ó gbé e sá jáde, èmi sì ń pè é láti orí àga.

Wọ́n lọ gbààwẹ̀ lórí ọmọ náà ní ìjọ. Mo fún wọn láyè.

Nígbà tí mo tún lọ, Àdùnní ń gbá bọ́ọ̀lù rọ́bà kan níwájú ilé. Bọ́ọ̀lù náà yí wá, ó dúró sí ìdí bàtà mi.

"Àdùnní," mo wí.

Ó wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú bọ́ọ̀lù rẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Kò gbójú sókè. Ó yí padà, ó ń kọrin fún ara rẹ̀.

Akínbíyì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wò mí.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ló wí.

Ó wọlé, ó sì gbé àga jáde fún mi.