Ẹrẹ̀ Tí A Kó Síwájú Ilé Kabirat

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù karùn-ún, ní ọdún tí mo wà ní SS2, àwa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàlélógójì láti ilé-ìwé Kátólíìkì kan ní Kétu lọ kó ẹrẹ̀ gọ́tà ní òpópónà kan lẹ́yìn Mile 12. A dé ibẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀. A kúrò níbẹ̀ nígbà tí aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú. Òpópónà náà ni mò ń gbé.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wọn. Láti JSS1 ni mo ti sọ fún wọn pé àdúgbò Anthony ni ilé wa wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi ń ti Magodo wá, mọ́tò bàbá wọn ló ń gbé wọn. Èmi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé yàrá kan ṣoṣo ni èmi àti màámi ń gbé, àti pé ìjọ ló ń bá wa san owó ilé-ìwé mi. Nígbà tí Ọ̀gá Bánjọ, olùkọ́ tó ń darí ẹgbẹ́ Ọwọ́ Àánú, dárúkọ òpópónà wa lọ́jọ́ Fúráìdé, mo mọ̀ pé àṣírí mi fẹ́ tú. Ọpẹ́lọpẹ́ ìbòmú tí wọ́n pín fún wa nítorí òórùn gọ́tà. Mo fà á sókè títí dé abẹ́ ojú, mo sì fa fìlà mi wálẹ̀.

Wọ́n fún wa ní ẹ̀wù funfun tí wọ́n kọ "Ìdájọ́ Òdodo fún Gbogbo Èèyàn" sí lẹ́yìn. A fi ṣọ́bìrì gbé ẹrẹ̀ dúdú jáde: ọ̀rá omi, ìgò, bàtà àlòkù, tòmátò jíjẹrà. Etí gọ́tà ni a ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Iwájú ilé Kabirat ló pọ̀ sí jù, torí pé ibẹ̀ ni ayafọ́tò tí ilé-ìwé mú wá ti rí àyè dúró. Òkìtì náà ga dé orúnkún mi. Ó dí ihò tí omi àgbàlá wọn ń gbà bọ́ sínú gọ́tà.

Kabirat ni ọ̀rẹ́ mi láti kékeré. Ilé-ìwé ìjọba ló ń lọ, SS3 ló wà, ó sì ń ṣe ìdánwò WAEC lọ́wọ́. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ kọ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ìyá rẹ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn, ẹsẹ̀ òsì màmá náà kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn méjèèjì nìkan ló ń gbé nínú yàrá wọn, yàrá náà sì rẹlẹ̀ ju òpópónà lọ.

Ó jáde sí wa tòun ti ìwé Kẹ́mísírì lọ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó wí fún Vivian, ààrẹ ẹgbẹ́ wa. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa kó ẹrẹ̀ yìí kúrò níbí?"

"Àwọn ọlọ́kọ̀ ìdọ̀tí ń bọ̀ wá kó o."

"Nígbà wo?"

"Ṣé èmi ni dírẹ́bà wọn ni?" Vivian dáhùn. Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín.

Kabirat kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi. "Súmbọ̀, bá mi sọ fún wọn jàre. Ìwọ náà mọ ibi tí omi ń gbà. Bí òjò bá rọ̀ báyìí, inú yàrá wa ló ń bọ̀ tààrà. Mo ní ìdánwò lọ́jọ́ Túsìdeè."

Vivian wò mí. "Ah-ah, Súmbọ̀, o mọ̀ ọ́n?"

Gbogbo wọn dúró. Mo ṣì rántí pé ṣọ́bìrì mẹ́ta ló wà nítòsí mi, mo sì rántí ẹni tó mú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dání.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," mo ní. "Bóyá ó gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu yín ni."

Kabirat wo ẹsẹ̀ mi. Bàtà òjò tí mo wọ̀, tirẹ̀ ni. Ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé ni mo lọ yá a lọ́wọ́ rẹ̀. Kò dárúkọ bàtà. Ó ní, "Ó dáa," ó sì wọlé lọ.

"Ẹ kóra jọ kíákíá!" Ọ̀gá Bánjọ pariwo. "Ayafọ́tò fẹ́ lọ, jọ̀lọ́ọ̀fù yín sì ń tutù!"

A dúró síwájú òkìtì náà, a ya fọ́tò mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn náà ni mo bá wọn wọ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Anthony, mo juwọ́ sí wọn, mo dúró títí wọ́n fi lọ, mo wá wọ ọkọ̀ míì padà sí òpópónà tí a ti kúrò. Òkìtì náà wà níbẹ̀. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo bá Ọ̀gá Bánjọ ní ọ́fíìsì àwọn olùkọ́.

"Sà, ṣé àwọn ọlọ́kọ̀ ìdọ̀tí ti lọ?"

"Ọlọ́kọ̀ wo?"

"Àwọn tó máa kó ẹrẹ̀ yẹn, sà."

"Háà, a ò tíì pè wọ́n. Fọ́tò ni mò ń tò lọ́wọ́, àwọn àgbà ìjọ fẹ́ rí i. Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

Ó yẹ kí n dá a lóhùn. Mo ní, "Kò sí, sà," mo sì padà sí kíláàsì.

Òjò bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí Túsìdeè. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo gbọ́ ariwo Kabirat. Nígbà tí èmi àti màámi débẹ̀, omi dúdú ti bo ìbùsùn wọn, ìyá rẹ̀ sì jókòó sórí tábìlì, ó di fèrèsé mú. Ẹrẹ̀ tí a gbé jáde lọ́jọ́ Sátidé ló wà nínú yàrá náà. Mo rí ìgò tí mo fi ọwọ́ ara mi jù síta.

"Ta ló kó ìranù yìí síbí?" màámi ń pariwo. "Wèrè wo ló ṣe irú èyí?"

Mo di apá kan ìyá Kabirat mú. A gbé màmá náà lọ sílé alájọgbé kan, a sì ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́n omi. Ìdánwò Kẹ́mísírì máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Kabirat kò lè fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ títí aṣọ gbígbẹ fi dé ara rẹ̀. Aago mẹ́wàá kọjá kó tó sáré jáde, yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ tutù rinrin. Àwọn alábòójútó kò gbà á wọlé mọ́.

Nígbà tó padà dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Kò sunkún.

"Ìwọ ni mo sọ fún," ó ní.

Ní Wẹ́sídeè, wọ́n lẹ fọ́tò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán mọ́ ara bọ́ọ̀dù. Ní àsẹ́ḿbìlì, Sístà Keziah, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé, ní kí a pàtẹ́wọ́ fún Vivian. Mo nawọ́ sókè.

"Sístà, òpópónà yẹn ni mò ń gbé. Kì í ṣe Anthony." Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan irọ́ tí èmi fúnra mi pa.

"Súmbọ̀, kì í ṣe ibí la ti ń sọ ìyẹn," Ọ̀gá Bánjọ ní.

"A ó fi wọ́n sínú àdúrà wa," Sístà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Inú bí mi. "Sístà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹrẹ̀ wa ló dí ojú omi. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Ṣé àdúrà ló máa kó o ni?"

Sístà yíjú wo bọ́ọ̀dù, ó sì ní kí wọ́n lọ wá ṣọ́bìrì.

Àwa mọ́kànlá la lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Vivian wà níbẹ̀, òun náà mú ṣọ́bìrì. Kò sí ayafọ́tò. A kó gbogbo ẹrẹ̀ náà sínú àpò, a sì kó àwọn àpò náà sínú ọkọ̀ akẹ́rù kan. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀ gbà wá.

Mo bínú sí Vivian nítorí yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Mo bínú sí Ọ̀gá Bánjọ nítorí fọ́tò rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo mọ ibi tí omi ń gbà láàárín àwa mẹ́tàlélógójì, èmi ni mo sì dákẹ́ nítorí ojú ayé. Bí ẹ bá lọ ran àwọn èèyàn lọ́wọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ, kí ẹ sì parí iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá mọ òótọ́, ẹ sọ ọ́ nígbà tó ṣì lè wúlò.

Kabirat kò ní Kẹ́mísírì nínú èsì ìdánwò rẹ̀. Kò wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lọ́dún náà. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.