Kànga Àlájà Hàlímàt àti Ìwé Ìròyìn Ìlódè

Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, pálọ̀ Màmá Mojíre ní àdúgbò Ìlódè ni wọ́n ti ń ṣètò Ojú Àdúgbò, ìwé ìròyìn olójú-ewé mẹ́rin tí wọ́n ń pín káàkiri títí dé Ẹnuwá. Kò sẹ́ni tó ń gbowó oṣù níbẹ̀. Olóògbé Tíṣà Akínkúnlé ló dá a sílẹ̀. Màmá Mojíre ṣì máa ń rántí ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́, àti yíǹkì tó máa ń há sí èékánná wọn títí wọ́n á fi dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Ìgbà yẹn dùn.

Sátidé kan, Fikáyọ̀, olùkọ́ tó ń bá wọn kọ ìròyìn, wọlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

"Mọ́mì, ìròyìn iwájú ìwé ti dé. Májèlé wà nínú kànga Àlájà Hàlímàt. Àwọn ọmọ Mùhámmẹ́d bíríkìlà méjèèjì ń bì, wọ́n ń yàgbẹ́ gbuuru. Ó ti kún orí Wásáàpù."

"Ta ló rí i?"

"Wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ ni, mà."

Omi kànga yẹn ni Màmá Mojíre mu dàgbà. Ìyá Àlájà ló máa ń bá wọn fà á nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, tí ọwọ́ wọn ò tíì ká okùn. Ó rántí ìròyìn tó kọ́kọ́ kọ, lórí ṣọ́ọ̀bù kan tó jó ní Mayfair. Tíṣà kà á, ó dá a padà, ó ní: "Ṣé o dé ibẹ̀, àbí wọ́n sọ fún ọ ni?" Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ nítorí ìlà mẹ́rin. Inú bí i lọ́jọ́ náà. Ní báyìí, ó wù ú kí Tíṣà tún bi í lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Wọ bàtà ẹ, ká lọ."

Àwọn èèyàn ti fọ́ ìdérí kànga náà kí àwọn méjèèjì tó débẹ̀. Àlájà jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Mojíre, wọ́n ní mo fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ."

Wọ́n kọjá sílé Mùhámmẹ́d. Fàrídà ìyàwó rẹ̀ ń fún àwọn ọmọ lómi oníyọ̀ àti ṣúgà.

"Àwọn ọmọ mi ò mu omi Àlájà," ó ní. "Ọ̀lẹ̀lẹ̀ àná tó ti kan ni wọ́n jẹ. Nọ́ọ̀sì tó wà níbí náà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wá bi mí."

Nọ́ọ̀sì Ìgbẹ́kẹ̀lé, tó wá wo àwọn ọmọ náà, dá sí i. "Ojú lásán ò lè mọ̀ bóyá omi kànga náà mọ́. Ẹ jẹ́ káwọn òṣìṣẹ́ ìlera yẹ̀ ẹ́ wò. Kẹ́nikẹ́ni má mu ún títí èsì á fi dé, kẹ́nikẹ́ni má sì sọ pé májèlé ni."

"Ọ̀sẹ̀ kan á lọ síbẹ̀," Fikáyọ̀ ráhùn. "Àwọn èèyàn á ti gbàgbé."

"Àlájà ò ní gbàgbé," Màmá Mojíre dá a lóhùn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èsì àyẹ̀wò dé. Omi náà mọ́. Wọ́n fi í síwájú ìwé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Fàrídà. Fikáyọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé e láti ojúlé dé ojúlé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àlájà ní kó ka ìwé tòun sétígbọ̀ọ́ òun. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún ń pọn omi níbẹ̀, àmọ́ ilé méjì ò padà wá mọ́.

Ẹ̀yin ará wa, bí ìròyìn bá dé orí fóònù yín, ẹ béèrè ẹni tó rí i, ibi tó ti rí i àti ìgbà tó rí i. Bó bá kan ìlera, ẹ pe òṣìṣẹ́ ìlera. Bí kò bá tíì dá yín lójú, ẹ má fi ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni. Ẹni tí wọ́n dárúkọ nínú rẹ̀ ní ilé, ó sì ní ẹnu tó lè fi dáhùn. Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.