Ilé Tó Ń Rì Lójú Kọ̀ǹpútà

Lórí ìkúnlẹ̀ ni obìnrin kan ti kọ́kọ́ rí ọkùnrin kan. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ láàárín gbọ̀ngán àfihàn, ó dẹ etí sí rẹ́kọ́dà kásẹ́ẹ̀tì kan tó ń han gooro, ó sì na ọwọ́ kan sókè pé kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Eruku ti bo orúnkún ṣòkòtò rẹ̀, òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ balẹ̀ bíi ti dókítà tó ń gbọ́ àyà ọmọ ọwọ́. Obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Òjò ló lé e wọlé, ó sì ti gbàgbé òjò.

Ilé iṣẹ́ tó ń wọn òkun ni obìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló máa ń lọ wo òpó ìwọ̀n tí wọ́n rì sínú omi létíkun, á wo ibi tí omi dé, á sì fi ránṣẹ́ sáwọn ọ̀gá tí kì í fèsì. Olómi ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára.

Kásẹ́ẹ̀tì dákẹ́. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó ń ka iṣẹ́ rẹ̀ láti orí kásẹ́ẹ̀tì náà tan lórí tábìlì, irú èyí tí ikùn rẹ̀ yọ sẹ́yìn, táwọn ọmọ ìsinsìnyí á rò pé tẹlifíṣọ̀n ni. Àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú rẹ̀, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn: títì kan létíkun, àwọn ilé, igi kan. Nígbà tó yá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í gùn wọ́n. Wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sókè pé, Ẹ TẸ BỌ́TÌNNÌ KAN, OMI Á DÚRÓ.

Àwọn èèyàn pagbo yí i ká, wọ́n ní ó mà dára o. Wọ́n yọ fóònù, wọ́n yà á. Omi wọ ilé àkọ́kọ́, wọ́n tún yà á. Ara Olómi ò gbà á. Ó là wọ́n kọjá, ó jókòó, ó sì tẹ bọ́tìnnì. Omi dúró.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ látìgbà tí mo ti ń gbé e káàkiri," ọkùnrin náà sọ.

"Ṣebí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀."

"Gbogbo wọn ló kà á."

Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó ti ń retí àlejò tipẹ́. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá Olómi. Ìfẹ́ ò kúkú mọ ìwọ̀n, àní sí ẹni tó ń fi ìwọ̀n jẹun.

Alálòkù ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, nítorí kò sí àkìtàn tí kì í yà sí. Kọ̀ǹpútà táwọn ilé iṣẹ́ bá jù nù, á gbé e lọ sílé, á tún un ṣe, á sì fi ya àwòrán. Olómi bi í léèrè ohun tó ń wá nínú ògbólógbòó ẹ̀rọ nígbà tí tuntun kún ìgboro. Ó ní nígbà táwọn ẹ̀rọ yẹn ṣì wà ní tuntun ni wọ́n ti fi wọ́n ṣírò pé ayé ń gbóná, pé òkun á kún. Ẹ̀rọ ti darúgbó, àwọn tó ṣe ìṣirò náà ti fẹ̀yìn tì, ìkìlọ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó dìde. Òun kàn fẹ́ kí ìkìlọ̀ náà ti ẹnu ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde ni.

Bí Olómi ṣe wá ń yà síbi iṣẹ́ Alálòkù lójoojúmọ́ nìyẹn. Yàrá kan ṣoṣo ni, wáyà kún ilẹ̀, àga kan ló sì wà níbẹ̀ tí kò ru kọ̀ǹpútà. Àga yẹn di ti Olómi.

"Olómi, kí lòkun wí lónìí?"

"Ó ní kí n kí ọ. Ó ní òun ń bọ̀ wá kí ọ fúnra òun."

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Tó bá wá kan pé kó máa lọ sílé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wúwo.

Láìpẹ́, gbọ̀ngán ńlá kan ní kí Alálòkù wá ṣe àwòrán tuntun. Olómi bá a wá ìwọ̀n omi tó péye. Ó sì fún un ní fọ́tò ilé kan tí wọ́n kùn ní yẹ́lò, ó ní kó fi í síwájú. Alálòkù bi í pé ilé ta ni. Ó ní ilé kan létíkun ni. Kò purọ́, kò sì sọ òótọ́.

Ilé bàbá rẹ̀ ni. Bíríkìlà ni bàbá náà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ́ ọ, látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ sì ti kú, òun àti ọmọ yìí nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Olómi ti sọ̀rọ̀ títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, pé kí wọ́n kó kúrò, pé omi ń súnmọ́ tòsí. Bàbá á ní òkun ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí òun. Olómi wá rò ó pé bóyá ohun tí etí ò gbà, ojú á gbà á.

Lọ́jọ́ àfihàn, ó mú bàbá rẹ̀ dání. Ó fẹ́ kó rí àwòrán, ó sì fẹ́ kó rí ọkùnrin tí ọkàn òun yàn. Ilé yẹ́lò yọ lójú kọ̀ǹpútà. Omi gun àtẹ̀gùn, ó wọ yàrá, ó dé òkè fèrèsé. Bàbá yíjú sí Alálòkù tó dúró ti ẹ̀rọ rẹ̀.

"Ta ló ní kó o ri ilé mi?"

Alálòkù wo Olómi. Olómi wolẹ̀. Kò jẹ́wọ́ pé òun lòun gbé fọ́tò náà wá. Ọ̀rọ̀ náà sì yé Alálòkù lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà," ó ní. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Èmi ni kẹ́ ẹ bá wí."

Bàbá ní òun ò fẹ́ rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ òun mọ́. Ó jáde, Olómi sì tẹ̀ lé e.

Nígbà tí Olómi pe Alálòkù lórí fóònù, ẹkún ni ó ń sun. Alálòkù ò bá a jà, ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. Ó ní, "Dúró ti bàbá rẹ, olólùfẹ́ mi. Wọn ò lẹ́lòmíràn. Bí a bá ṣì ń ríra, èmi ni màá pín yín níyà." Látìgbà náà, wọn ò ríra mọ́.

Àárò rẹ̀ ń sọ Olómi lójoojúmọ́. Á máa wo òpó ìwọ̀n, kò ní mọ nǹkan tó ń wò. Á gba àdúgbò Alálòkù kọjá, á gbọ́ tí kásẹ́ẹ̀tì ń han lójú fèrèsé, á dúró, á sì tún máa lọ. Nílé, òun àti bàbá rẹ̀ á jẹun láìsọ̀rọ̀. Ó máa ń fẹ́ jẹ́wọ́, ẹ̀rù á bà á pé bàbá lè kọ òun lọ́mọ. Ó ní ó dọ̀la. Ọ̀la kì í tán. Òun tó ń bínú sáwọn ọ̀gá tó mọ̀ tí wọn ò ṣe nǹkan kan, ó ti di ọ̀kan lára wọn.

Lọ́jọ́ kan, ó pàdé obìnrin tó ń ṣọ́ gbọ̀ngán àfihàn. Ìyẹn ní ṣé ó gbọ́ pé Alálòkù ti pa àwòrán rẹ́. Orí kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà, kò ní ẹ̀dà, ọkùnrin náà sì ti gba òfìfo lé e lórí. Alálòkù ní àwòrán náà dun àgbàlagbà kan, òun ò sì fẹ́ fi ìbànújẹ́ àgbàlagbà gbayì.

Olómi ò padà síbi iṣẹ́. Ilé ló gbà lọ tààrà. Ó bá bàbá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ń to búlọ́ọ̀kù sí ẹ̀gbẹ́ òkun, ó ń gbé ògiri dènà omi.

"Bàbá, èmi ni mo fún un ní ilé wa. Kò mọ̀ pé tiwa ni. Ẹ̀bi mi ló gbé, mo sì jẹ́ kó gbé e."

Bàbá fi símẹ́ńtì lẹ búlọ́ọ̀kù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún un ṣe kó tó gbójú sókè.

"Mo mọ̀."

Olómi bi í léèrè pé báwo ló ṣe mọ̀.

"Fèrèsé ẹ̀yìn yẹn wọ́," bàbá ní. "Mo ń gbé e lọ́wọ́ ni wọ́n wá sọ fún mi pé ìyá rẹ ń rọbí rẹ. Mo sáré lọ, mi ò sì tún un ṣe mọ́ látìgbà náà. Ó wọ́ nínú àwòrán yẹn pẹ̀lú. Ẹni tó bá gba títì kọjá ò lè rí fèrèsé yẹn, ọmọ. Ìwọ nìkan lo lè ya fọ́tò rẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ wá lé e?"

"Inú ló kọ́kọ́ bí mi. Nígbà tí inú mi rọ̀, mo rí i pé ọkùnrin tó gbé ẹ̀bi ẹlẹ́bi tí kò ráhùn, kò sí bàbá tí ò ní fẹ́ irú rẹ̀ lána. Ìwọ ni mi ò mọ̀ bóyá o yẹ fún un. Mo wá ń dúró, mo ń wò ọ́."

Omijé bọ́ lójú Olómi. Bàbá nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó wo ògiri tó ń mọ, ó wo òkun.

"Ní ti ilé, fún mi láyè kí n ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ díẹ̀, ká tó kó. Lọ bá a. Má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú."

Olómi bá Alálòkù lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó fẹ́ máa tilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà ti rù. Bí ó ti rí i, kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Olómi ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró, kò fi ọ̀kan pamọ́.

"Ṣé bàbá wá gbà?" Alálòkù bi í.

"Ìwọ ni wọ́n gbà. Wọ́n ní èmi ni àwọn ò tíì mọ̀ bóyá mo yẹ."

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Fẹ́ mi. Mi ò ní nǹkan kan tí mo lè fi tọrọ rẹ ju èyí lọ: ohun tó bá yẹ kí n sọ nítorí rẹ, mi ò ní gbé e mì mọ́, bó ti wù kí ẹ̀rù bà mí tó."

Alálòkù mú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó gbé wọn lé àyà ara rẹ̀.

"Ó tó mi," ó ní. "Jẹ́ ká lọ bá bàbá wa kẹ́rù."