Oorun Sulaiman

Orí lọ́rì ni Sulaiman wà, ó ń so tapólì mọ́ ẹrù iṣu, nígbà tó rí omidan kan tó bọ́ sílẹ̀ nínú takisí ní Ọ̀fà Gáréèjì. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku ti kun gbogbo èèyàn ní pupa, ṣùgbọ́n aṣọ nọ́ọ̀sì tirẹ̀ funfun nini. Okùn bọ́ lọ́wọ́ Sulaiman.

Salimat ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Alfa Abdulkadir ní Pákàtà. Ilé iṣẹ́ ìlera ló rán an. Ọdún 1974 nìyẹn, jàǹbá ọkọ̀ ń pọ̀ sí i, wọ́n sì fẹ́ mọ bí àwọn awakọ̀ tó ń gbé oògùn áńfẹ́támínì mì kí oorun má bàa kùn wọ́n ṣe pọ̀ tó, àti àwọn tí kò lè wakọ̀ mọ́ láìsí i. Gbogbo ẹni tó bi ló ń búra pé òun kò fẹnu kàn án rí.

Sulaiman bẹ́ sílẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ṣé ewúrẹ́ ló wá ń ra gbogbo èyí tí wọ́n ń tà níbí?"

"Bí ẹ bá rí ewúrẹ́ náà, ẹ mú un wá. N ó bi í."

Lọ́jọ́ kejì, àpò òkúta wẹ́wẹ́ funfun àti dúdú ni Salimat gbé wá. "Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ má fi hàn mí. Tó bá funfun, 'bẹ́ẹ̀ ni' ni kí ẹ sọ, ẹ̀ báà máa lò ó, ẹ̀ báà má lò ó. Tó bá dúdú, ẹ sọ òótọ́."

"Báwo lẹ ó ṣe wá mọ ẹni tó ń lò ó?" Sulaiman béèrè.

"Mi ò fẹ́ mọ ẹnì kankan, mi ò sì ní bi yín. Mo mọ bí funfun inú àpò ṣe pọ̀ tó. Bí 'bẹ́ẹ̀ ni' bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó lé ló máa sọ iye wọn fún mi."

Ọkàn àwọn dírẹ́bà balẹ̀, wọ́n tò. Sulaiman kiwọ́ bọ àpò, ó tẹjú mọ́ Salimat.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ìgbà tó ti Èkó dé tí kì í mú búrẹ́dì bọ̀ fún un. Wọn kò mọ ọjọ́ tí "ẹ" di "o" láàárín wọn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Salimat sọ fún bàbá rẹ̀ pé Sulaiman fẹ́ fẹ́ òun, Alfa kọ̀ jálẹ̀. "Ìwọ fúnra rẹ lo ní bí awakọ̀ mẹ́ta bá dúró níbẹ̀, ọ̀kan ń lò ó. Èwo ni tìrẹ nínú wọn?"

Salimat kò mọ̀, kò sì lè béèrè. Ó ti ṣèlérí. Ó kàn lọ sọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ fún Sulaiman, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

Sulaiman fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí Pákàtà, ó lóṣòó níwájú Alfa. "Bàbá, mo wà lára wọn. Salimat kò mọ̀. Mo ti jáwọ́ láti ìjẹta."

"Ìjẹta kò tíì pẹ́. Padà wá lẹ́yìn ààwẹ̀."

Kò rọrùn. Orí ń fọ́ ọ, oorun ń gbé e lọ lójijì. Ó fi ìrìn òru Èkó sílẹ̀, olówó ọkọ̀ sì gba lọ́rì rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ògbólógbòó kan ló wá ń wà lọ sí Ọ̀fà lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kan kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ó jágbe mọ́ Salimat nítorí pé ìyẹn ní kó jẹun. Salimat gbé abọ́ ẹ̀kọ mímu tó bù wá kalẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ mọ́, Sulaiman wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. "Olùfẹ́ mi, jọ̀wọ́, orí mi ló gbóná."

"Bó bá tún gbóná, omi tútù wà nínú àmù. N ó dà á lé ọ lórí." Ẹ̀rín ti ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Lẹ́yìn Ìtúnu ààwẹ̀, Sulaiman padà wá sọ́dọ̀ Alfa. Alfa mú òun àti Salimat jókòó lórí ẹní, ó ń ṣàlàyé ojúṣe ọkọ sí aya, àlàyé náà sì gùn. Wọ́n ṣàdédé gbọ́ tí ẹnì kan ń hanrun.

Sulaiman ti sùn lọ. Salimat sáré láti jí i, Alfa sì gbọ́wọ́ sókè.

"Fi í sílẹ̀. Ẹni tó ń gbé oògùn yẹn mì kò lè sùn báyìí." Ó bọ́ agbádá ọrùn ara rẹ̀, ó fi bò ó.

Ìpè ìrun Ásárì ló jí Sulaiman. Ó fò dìde. "Bàbá, ẹ foríjì mí!"

"Ṣé o gbọ́ ohun tí mo wí?"

"Mi ò gbọ́ ìdajì rẹ̀, Bàbá."

"Kò burú. Salimat gbọ́ gbogbo rẹ̀, á máa rán ọ létí. Sọ fáwọn èèyàn rẹ kí wọ́n wá lọ́jọ́ Jímọ̀ ká so yìgì."

Sulaiman wẹ̀yìn. Salimat ti fọwọ́ méjèèjì bojú, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín.