Oògùn Zulaikha Lẹ́sẹ̀ Fàwáz

"Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, nítorí inú rírun lásán?"

Zulaikha pòṣé. Ó fi ìka méjì gba oògùn lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì Sẹ̀gilọlá bí ẹni ń mú ẹja tó ti jẹrà. Òun tó ń gba ipò kìíní ní kíláàsì, ṣé nọ́ọ̀sì abúlé Ìwòrò ló máa wá kọ́ òun nípa ara?

"Kòkòrò ló wọ àpò oúnjẹ inú ẹ," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ó sá sábẹ́ ohun tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ara ẹ ń bá a jà, ọwọ́ wọn ò tó o. Ara àpò náà ni ọfà wọn ń bà, ìyẹn wà lára ohun tó ń dá egbò sí i. Oògùn yìí ló máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Má fi ẹyọ kan sílẹ̀ o."

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ọmọ ogun tèmi kì í ṣe ọ̀lẹ."

Ó bá ọ̀nà oníyanrìn abẹ́ àgbọn lọ, ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn.

Lọ́jọ́ karùn-ún, inú ò run ún mọ́. Ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Fàwáz, ti ojú ọ̀sà dé, tó ń tiro. Ìkarahun ti là á lẹ́sẹ̀. Ẹ sá mọ àṣà àwọn apẹja ibẹ̀: wọ́n á tú kápúsù, wọ́n á da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú egbò.

"Zulaikha, ṣé kò sí kápúsù nílé ni?"

"Ẹ gba gbogbo èyí tó kù nínú tí nọ́ọ̀sì fún mi, Bọ̀ọ̀dá mi. Èmi ti borí tèmi."

Fàwáz tú u, ó dà á. "Dókítà tí ò dé yunifásítì!" ló pariwo. Orí Zulaikha wú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Zulaikha jókòó ṣe ìdánwò bàyọ́lọ́jì, èyí tó yẹ kó gbé e dé ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ìbéèrè kìíní: báwo ni ara ṣe ń bá kòkòrò jà? Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé bírò. Kò tíì kọ ìlà mẹ́ta tí nǹkan fi ta á nínú bí iná. Ó bì sórí ìwé ìdánwò, èébì dúdú bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí. Ẹ̀jẹ̀ ni. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù l'Àgbádárìgì.

Sẹ̀gilọlá wá wò ó. Ó bá Fàwáz lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ń ṣọyún.

"Òótọ́ lo sọ," ni nọ́ọ̀sì wí, ó yínmú. "Ọmọ ogun ẹ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìwọ lo gba ohun ìjà lọ́wọ́ wọn, tó o dà á sẹ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ."

Zulaikha kọjú sí ògiri. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti parí ìdánwò. Tirẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé oògùn mìíràn wá, kò pòṣé. Ó lò ó dórí ẹyọ tó kẹ́yìn, nítorí ó ti yé e wàyí pé ọjọ́ tí inú dẹ́kun rírun kọ́ ni kòkòrò inú rẹ̀ ń kú.