Àkùkọ Tí Kò Rí Ẹni Gbà Á

Orí ìlà ẹ̀kọ gbígbóná ni Lusungu ti kọ́kọ́ rí Fainesi. Ọmọbìnrin náà gbé ife méjì dání, ó sì kọ̀, kò kúrò níwájú.

"Ife kan lẹ́nì kan o, arábìnrin."

"Ti ìyá àgbà mi ni èkejì. Àbí kí n pọ̀n wọ́n wá kí ẹ fojú ara yín rí wọn?"

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Lusungu bu ẹ̀kọ kejì, ó dà á sórí bàtà ara rẹ̀. Bí ìfẹ́ ṣe wọ̀ ọ́ lára nìyẹn.

Ìjì ló jẹ́ kí wọ́n pàdé. Odò Shire ló kún tó gbé abúlé Fainesi lọ, àwọn tó yè sì ń sùn sí kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ kan ní Chikwawa. Tíṣà ni Lusungu, láti Mzuzu lókè lọ́hùn-ún. Ó fi ìsinmi rẹ̀ sílẹ̀, ó wá ṣèrànwọ́ láìgba kọ́bọ̀. Láàárọ̀ ó ń pín ẹ̀kọ, lọ́sàn-án ó ń kọ orúkọ àwọn tí wọn kò rí sínú ìwé.

Jailosi wà nínú ìwé náà. Àbúrò ìyá Fainesi ni, òun ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, Bàbá ni Fainesi sì ń pè é. Ó padà lọ tú ewúrẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, omi sì dé.

Nígbà tí ikọ́ ń yọ ìyá àgbà lẹ́nu, Lusungu ra àkùkọ kan lọ́jà, ó gbé e wọ kíláàsì fúnra rẹ̀.

"Màmá, ẹ gbà, ẹ fi sebẹ̀."

Obìnrin kan pariwo, "Háà! Ó mà dá a gbé wá fúnra rẹ̀!" Ni ẹ̀rín bá ta.

Ṣé ẹ rí i, màlúù ni wọ́n fi ń fẹ́ ìyàwó ní ìlú Lusungu. Ní ìsàlẹ̀ níbí, àkùkọ tí ìdílé ọkọ gbé wá, tí ìdílé ìyàwó fi àgbébọ̀ pàdé, òun ni ìgbéyàwó. Nkhoswe ló sì ń gbà á, ìyẹn àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá tó ń ṣojú ẹbí.

Fainesi fọwọ́ bojú. "Ṣé kí n sọ fún wọn pé àṣìṣe ni?"

"Ọwọ́ mi ló ṣàṣìṣe. Ọkàn mi ò ṣàṣìṣe."

Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ dẹ́kun ẹ̀rín. "Ọmọ dáadáa ni ọ́. Ṣùgbọ́n Jailosi ni nkhoswe wa. Ẹ so ó mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì, yóò wá gbà á."

"Màmá, tí wọn ò bá wá ńkọ́?"

"Bí mo bá fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀, èmi tí mo bí i ni mo fẹnu ara mi sin ín."

Ọ̀sẹ̀ méje ni àkùkọ fi wà lórí ìso. Lójoojúmọ́, àwọn olólùfẹ́ méjèèjì ń lọ bá àwọn apẹja létí odò. "Ṣé ẹ rí ọkùnrin kan tí ìka kan gé lọ́wọ́ òsì rẹ̀?" Wọn kò rí i.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó àwọn ènìyàn kúrò nílé ẹ̀kọ́ náà, ọ̀gá tó ń bójú tó ibẹ̀ sọ fún Lusungu pé kí ó kó gbogbo ẹni tí wọn kò rí sójú ewé àwọn òkú. Ó di kálámù mú. Bí ó bá kọ Jailosi síbẹ̀, ẹbí á ṣọ̀fọ̀, wọn á yan nkhoswe mìíràn, òun á sì gbé Fainesi níyàwó. Ó gbé ìwé lọ bá ìyá àgbà, ó ń retí pé wọn á fún òun láyè láti kọ ọ́.

"Màmá, kí ni kí n kọ?"

"Ohun tí ojú rẹ rí."

Ojú rẹ̀ kò rí nǹkan kan. Fainesi ń wò ó, omijé ń dà lójú rẹ̀. Lusungu mọ̀ pé ó fẹ́ òun. Ó sì mọ̀ pé kò ní dárí ji òun láé bí òun bá kọ Bàbá rẹ̀ mọ́ àwọn òkú. Ó kọ ọ́ pé: *A kò tíì rí i.*

Ọkọ̀ méjì dé. Ọ̀kan ń lọ sórí òkè tí wọ́n ti fún àwọn ará abúlé nílẹ̀ tuntun, èkejì ń dá Lusungu padà sẹ́nu iṣẹ́. Fainesi tú àkùkọ kúrò lẹ́sẹ̀ bẹ́ǹṣì, ó so okùn mọ́ ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀.

"Màá padà wá, olólùfẹ́ mi," ni Lusungu wí.

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tí o bá dé, tí Bàbá ò tíì dé, ojú kan yìí náà la ṣì máa wà."

Lusungu bu ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan nínú àpò rẹ̀, ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́ Fainesi fún àkùkọ náà, ó sì wọ ọkọ̀.